Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ la ṣe, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà: báwo lẹ ṣe ń polówó sọ́fítíwíà tiyín?

Alámì_Ohùn · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Òní ni mo ní ohun tí mo fẹ́ bi yín.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe iṣẹ́ kan. Ọ̀kan wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan wà ní Ìlọrin, èmi wà ní Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ la máa ń jókòó tì í, nígbà tí iná bá wà. Àfikún ni, fún LibreOffice. Hunspell, ẹ̀rọ tó ń yẹ àkọtọ́ wò, la fi ṣe é, GPL, ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, la fi sí, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ lè tú u wò. Ó ní àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó ń yẹ àkọtọ́ wò, ó sì ń dábàá àmì ohùn fún ọ̀rọ̀ téèyàn tẹ̀ láìsí àmì.

Oṣù mẹ́rìnlá rèé tá a ti gbé e jáde. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Mẹ́ta nínú rẹ̀, èmi ni, torí pé mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà.

A kọ ọ́ sórí Twitter lẹ́ẹ̀kan, èèyàn mẹ́fà fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, àǹtí mi kọ̀wé pé "Ọlọ́run á gbé e ga", kò sì ṣí líǹkì náà wò. Ẹnìkejì mi ní ká dákẹ́, pé bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ la fi ń bò ó jẹ. Ẹnìkẹta ní ká dáwó ká fi ra ìpolówó. Èmi ò mọ ti ta ni kí n tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ọgbọ́n wo lẹ dá?

Mi ò ní dárúkọ iṣẹ́ náà níbí o, kí ẹ má baà sọ pé ìpolówó ni mo wá ṣe.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó · 9:20 alẹ́

Ẹ wá béèrè bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà, ẹ ò dárúkọ ọjà. Ẹ̀gbọ́n, a ti rí àìsàn náà o.

Ìyá_Oníkóòdù · 9:47 alẹ́

Sọ fún ẹnìkejì rẹ, àbúrò mi, pé iṣu téèyàn gbìn fún gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ bo ìyẹn. Ẹ ti ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ ti ní kí gbogbo ayé wá mú. Kí lẹ tún ń fi pamọ́?

Ọmọ alágbàdo ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí màmá mi bá gbé igbá jáde, kì í sọ irú èso tí wọ́n gbìn, kì í sọ iye ìgbà tí wọ́n ro oko. "Láńgbé jinná o!" Ó parí. Ẹni tí ebi ń pa ti gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́, ẹni tí ebi ò pa á kọjá lọ.

Wàyí o, padà lọ ka ohun tí o kọ sókè yẹn. Àfikún. LibreOffice. Hunspell. GPL. Kóòdù wà ní gbangba. Gbogbo ìyẹn, èso àti ajílẹ̀ ni. Ìparí ọ̀rọ̀ ni mo tó gbọ́ pé ó ń bá èèyàn fi àmì sórí Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àgbàdo ti jinná! Mo fẹ́ kí o lọ ṣí ojú ìwé tí àlejò máa kọ́kọ́ rí lára iṣẹ́ yín, kí o wá sọ ìlà kìíní tó wà níbẹ̀ fún mi. Má purọ́.

Alámì_Ohùn · 9:58 alẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ọwọ́ yín tẹ̀ mí. Ìlà kìíní README wa, ìyẹn ojú ìwé tí ẹ ní kí n ṣí, Hunspell ló ń sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la sì fi kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó · 10:01 alẹ́

Ohun tó wà fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi pè é. Mo dákẹ́.

Abẹ́_Igi_Ọ̀dán · 10:36 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, gbogbo wa la ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó olówó ni mo fẹ́ dá sí, torí ìtàn kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ ní ìdajì. Oṣù kọkànlá ọdún 2004 ni Firefox 1.0, ohun tí wọ́n fi ń wo ayélujára, jáde. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà tó bá ti ní Windows, Internet Explorer ti Microsoft ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òmíràn wà. Mozilla tó ṣe Firefox ò lówó tí wọ́n máa fi bá Microsoft na ọjà. Wọ́n dá ojúde kan sílẹ̀ lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Spread Firefox, wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wá dáwó. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, ìpolówó ojú ewé méjì jáde nínú ìwé ìròyìn New York Times.

Ibi tí wọ́n máa ń parí ìtàn sí nìyẹn: "wọ́n ra ìpolówó". Ẹ wo ohun tó wà lójú ewé náà. Orúkọ àwọn tó dáwó ni, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá orúkọ, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ ti lọ síbi ìnáwó rí. Bí onílù bá ti ki èèyàn dé orí bàbá ńlá rẹ̀, ọwọ́ á fúnra rẹ̀ wọ àpò lọ. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló máa ra ìwé ìròyìn yẹn, á fi han ìyá rẹ̀, á fi han ọ̀gá rẹ̀, á ní "wò ó, èmi nìyí". Lójú tèmi, àwọn yẹn gan-an ni ìpolówó, kì í ṣe bébà.

Wọn ò sì dúró síbẹ̀. Ní 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Oregon tẹ àmì Firefox sínú oko ọkà, ó tóbi débi pé inú bàálù lèèyàn ti lè rí i dáadáa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2008 tí ẹ̀dà kẹta jáde, wọ́n ní kí gbogbo ayé wá gbà á láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ìgbà 8,002,530 ni wọ́n gbà á, Guinness sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo rẹ̀ ló ní iṣẹ́ kékeré kan tí ẹni tí kò mọ kóòdù lè ṣe: dáwó, tẹ oko, gbà á sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan pàtó.

Ẹ̀yin mẹ́ta, iṣẹ́ wo lẹ ní fún ẹni tí kò mọ kóòdù?

Àṣá_Kò_Sinmi · 11:05 alẹ́

Ìtàn dídùn ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ Firefox ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká sọ ti VLC, èyí tí wọ́n fi ń wo fídíò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996, ó di ti gbogbo ayé ní 2001 nígbà tí wọ́n fi í sábẹ́ GPL. Kóònù ojú títì, aláwọ̀ ọsàn, ni àmì wọn. Ta ló polówó rẹ̀ fún yín? Wọ inú ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tí wọ́n ti ń kó fíìmù sí fláàṣì, kóònù yẹn lo máa bá lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí fídíò tó kọ̀ láti ṣí. Ọjà tó bá dára, ara rẹ̀ ló ń tà.

Ìyá_Oníkóòdù · 11:12 alẹ́

Ìwọ Àṣá, o jẹ́ ká rí nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló polówó rẹ̀. Oníbàárà ní fíìmù òun ò ṣí, ọmọ ṣọ́ọ̀bù fi VLC sí i, ó ṣí. Ẹnì kan wà láàárín. Ìbéèrè tí Alámì gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ nìyẹn: ta ni ọmọ ṣọ́ọ̀bù tèmi?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àtijọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ ò dárúkọ ShipIt! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Ubuntu, irú Linux ọ̀fẹ́ téèyàn lè fi rọ́pò Windows, ní 2004 títí di 2011, wọ́n á fi síídì ránṣẹ́ sí ẹ láti òkè òkun lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọkọ̀ gan-an o ò ní san. Dátà wọ́n nígbà yẹn, ta ló fẹ́ jókòó sí káfè fi gbogbo òru gba 700MB? Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ ẹ̀ka wa ní yunifásítì ni mo fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, akọ̀wé ẹ̀ka ní "wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí ẹ láti ìlú òyìnbó". Mo gbéra bí ọmọ ọba lọ́jọ́ náà.

Síídì mẹ́wàá ni mo gbà, mo pín gbogbo rẹ̀. Òtítọ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé mẹ́jọ nínú àwọn tí mo fún ò fi í sínú kọ̀ǹpútà rí. Ọ̀kan fi tiẹ̀ so mọ́ iwájú ọkọ̀, ó ń dán. Àwọn méjì tó lò ó, àwọn tí mo lọ jókòó tì ní yàrá wọn ni, tí mo bá wọn fi í sí i títí mo fi rí i pé móódẹ̀mù wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ló ń fi Linux jẹun dòní. Nítorí náà, ohun ọ̀fẹ́ kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà.

Àṣá_Kò_Sinmi · 7:15 àárọ̀

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀: owó Canonical, ìyẹn ilé iṣẹ́ Mark Shuttleworth tó dá Ubuntu sílẹ̀, ni wọ́n fi tẹ síídì wọ̀nyẹn. Kì í ṣe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló san án. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ṣe tiwọn o, àwọn ló ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ló ń ṣe irú èyí tí ẹ̀gbọ́n ṣe yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àtijọ́ · 7:18 àárọ̀

Òótọ́ ni. Ẹni tó rìn lọ sí yàrá náà ni mò ń sọ.

Olùtọ́jú_Ilé · 8:33 àárọ̀

Èmi wá fún ìkìlọ̀. Ẹ má rò pé àìlókìkí nìkan ni ìyà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyà kejì fún yín.

Láti 2014 ni ilé iṣẹ́ DigitalOcean ti ń ṣe Hacktoberfest ní oṣù kẹwàá: nígbà náà, ẹni tó bá fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source, ìyẹn iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, dé iye kan, wọ́n máa ń fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì. Ìpolówó tó gún ni, ó sì mú ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé. Nígbà tó di 2020, ṣẹ́ẹ̀tì di ohun tí wọ́n ń lé. Àwọn kan á wọ README iṣẹ́ tí wọn ò lò rí, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, wọ́n á ní àwọn ti ṣàtúnṣe. Àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ wọ̀nyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ jí lọ́jọ́ kìíní oṣù, wọ́n bá ìdọ̀tí tó kún ẹnu ọ̀nà. Ariwo pọ̀ débi pé láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ṣètò rẹ̀ yí òfin padà: iṣẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ kópa nìkan ni wọ́n á máa kà.

Ohun tí mo fẹ́ bi Alámì ni pé, bí ìwé ìròyìn kan bá kọ nípa yín lọ́la, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn sì wọlé lọ́sàn-án kan ṣoṣo, ta ló máa dá wọn lóhùn? Ẹ̀yin mẹ́ta, nígbà tí iná bá wà? Ẹ má pe àlejò kí ẹ tó ní àga. Ẹ kọ́kọ́ tún ẹnu ọ̀nà ṣe: bí wọ́n ṣe ń fi í sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀. Kí ẹ fi nọ́ńbà kan tàbí ímeèlì kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá kọsẹ̀. Kí ẹ sì sọ ní gbangba pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé lẹ máa ń fèsì. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé Sátidé ni, á dúró di Sátidé. Ẹni tí kò mọ̀, tó dúró ọjọ́ mẹ́rin, á sọ fún ogún èèyàn pé ẹ ti kú.

Tíṣà_Òkè_Ògùn · 1:22 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò o. Mi ò mọ nǹkan kan nípa kóòdù. Ọmọ mi ló fi ojú ìwé yìí hàn mí.

Èmi ń kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìṣẹ́yìn. Bí mo bá fẹ́ ṣe ìdánwò, mo máa ń tẹ ìbéèrè sórí kọ̀ǹpútà láìsí àmì, màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá wá fi bírò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e lọ fún fọ́tòkópì. Bí bébà náà bá bàjẹ́, màá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa olùkọ́ Yorùbá tí mo mọ̀ ní agbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe é.

Ohun tí ẹ̀yin mẹ́ta ṣe yìí, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ó wà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ni LibreOffice? Word ni mò ń lò.

Ìyá_Oníkóòdù · 1:40 ọ̀sán

Ẹ wá gbọ́ o. Ọdún mẹ́sàn-án!

Alámì, ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ ti dé. Ṣé o rí i? Kò sí lórí Twitter. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì. Tún wo ìbéèrè tó bi ẹ́. Ọjà rẹ ní kí ó kó kúrò nílé kí ó tó lè ra ẹní.

Alámì_Ohùn · 2:15 ọ̀sán

Mo ka ọ̀rọ̀ tíṣà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹnìkejì mi, ẹni tó ní ká fi ọwọ́ bo iṣu náà ò tíì fèsì.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. LibreOffice dà bí Word, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí ìwé tí ẹ ti fi Word kọ. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ kúrò lórí Word, mo ronú kan ìdáhùn kejì: Firefox náà ń lo Hunspell, àkójọ ọ̀rọ̀ wa lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀ ń kọ ímeèlì tàbí ohunkóhun nínú Firefox, á máa fa ìlà pupa sábẹ́ èyí tí kò tọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni fún wa. Ojú mi tì mí pé a ò ronú kàn án fún oṣù mẹ́rìnlá.

Ará_Kétu · 4:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kúuṣẹ́ láti ìlú Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀. Mo gba ohun yín lálẹ́ àná (mo wá a títí mo fi rí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi orúkọ pamọ́). Mo kọ ìpínrọ̀ kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbí, pẹ̀lú ɛ àti ɔ, a sì máa ń kọ sh níbi tí ẹ̀yin ti ń kọ ṣ. Gbogbo ojú ewé pọ́n bí epo! Kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Mi ò bínú. Mò ń sọ ọ́ ní tìpolówó ni: bí ẹ bá ní "fún gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá", àwa náà á rò pé a wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ní gbangba pé àkọtọ́ Nàìjíríà ni, kò sí ìjà. Tàbí kí ẹ ní "ẹni tó bá lè bá wa ṣe ti Bẹ̀nẹ̀, ó yá". Èmi lè ṣe é. Mi ò mọ kóòdù, àmọ́ mo ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ jọ fún iṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà.

Abẹ́_Igi_Ọ̀dán · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo bèèrè iṣẹ́ tí ẹni tí kò mọ kóòdù lè ṣe, iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láti Kétu.

Àwọn Inkscape, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún àwòrán yíyà, mọ ọgbọ́n yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀dà ńlá jáde, wọ́n máa ń pe àwọn ayàwòrán kí wọ́n fi Inkscape ya àwòrán tí èèyàn máa rí nínú rẹ̀, wọ́n á sì dìbò yan ọ̀kan. Ẹni tó bá wọlé, á gbé e káàkiri. Àwọn tí kò wọlé náà ti fi iṣẹ́ wọn han àwọn ọ̀rẹ́ wọn kí ìbò tó parí. Ìpolówó ni, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Lọ́ndọ́nù_Ń_Tutù · 7:45 alẹ́

Láti Peckham ni mo ti ń kí yín. Mo máa ń lọ sí FOSDEM ní Brussels, ìpàdé ńlá àwọn oní-open-source, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdọọdún, nínú yunifásítì kan. Wíwọlé ò gba owó, kò gba ìforúkọsílẹ̀. Àwọn iṣẹ́ olùyọ̀ǹda máa ń tẹ́ tábìlì síbẹ̀, sítíkà ní òkìtì-òkìtì. Mo dúró nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì.

Sítíkà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó bá mú sítíkà kì í dúró. Ó mú un, ó ti lọ. Ohun tó ń dá èèyàn dúró ni kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀ tó kọjú sí wọn. Má ṣàlàyé. Sọ fún un pé "tẹ orúkọ rẹ". Inú gbogbo èèyàn ló ń dùn láti rí orúkọ ara rẹ̀. Mo rí i lára iṣẹ́ YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní 2015: ìwé atúmọ̀ orúkọ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn èèyàn ló ń fi orúkọ kún un. Ẹni tó bá débẹ̀, orúkọ tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá. Bó bá rí i, á ha á fún ẹbí. Bí kò bá rí i, á bínú, á sì fi í kún un. Ọ̀nà méjèèjì lérè. Àwọn náà ló tún gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti Ìgbò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016, ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi dòní.

Nítorí náà, Alámì, ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú wà nínú àkójọ yín. Ohun tí àlejò máa kọ́kọ́ tẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó · 8:10 alẹ́

Kí la máa ṣe fún àwa tí kò ní físà Brussels?

Lọ́ndọ́nù_Ń_Tutù · 8:16 alẹ́

Ilé yín ló wà! Open Source Community Africa ṣe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejì 2020. Ọjọ́ Òmìnira Sọ́fítíwíà náà wà, láti 2004 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó ti pẹ́ tó ti máa ń bọ́ sí Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀. Àmọ́ bí mo ti ka ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn, ìpàdé àwọn olùkọ́ ni kí ẹ lọ o. Àwa oní-open-source ti mọ́ra wa jù.

Olùtọ́jú_Ilé · 8:29 alẹ́

Ó yẹ kí wọ́n kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sára ògiri. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi ní ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan. Àwọn kan náà ló ń wá, àwọn kan náà ló ń pàtẹ́wọ́, ìrẹsì kan náà la ń jẹ. Kò sí ẹni tó nílò iṣẹ́ náà nínú wọn.

Ti ìpolówó olówó ńkọ́? Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà dán an wò lórí ìkànnì kan. Ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ẹyọ ẹnì kan ò fi í sí kọ̀ǹpútà. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bá mi fi owó tiyín ra dátà.

Bó bá sì jẹ́ pé owó lẹ fẹ́ béèrè, ẹ sọ iye, ẹ sọ ohun tí ẹ máa fi ṣe, ẹ dá ọjọ́. Blender, sọ́fítíwíà àwòrán 3D, nìyẹn ní 2002. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ti kógbá wọlé, àwọn tó ni owó níbẹ̀ sì gbà pé bí Ton Roosendaal, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Blender, bá lè mú €100,000 wá, kóòdù á di ti gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló gbà. Àwọn tó dáwó mọ ohun tí owó náà máa ṣí.

Alámì_Ohùn · Ọjọ́ Rú, 10:40 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Àwa mẹ́ta sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná títí kírẹ́díìtì fi tán. A ò ní ra ìpolówó. Ẹni tó ń fi ọwọ́ bo iṣu ló kọ ojú ìwé tuntun náà fúnra rẹ̀, ní Yorùbá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Kọ Yorùbá rẹ bó ṣe rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. A ó bá ẹ fi àmì sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba dátà lẹ́yìn tó o bá ti fi í sí kọ̀ǹpútà."

Hunspell àti GPL ti wà nísàlẹ̀ pátápátá. A ya àwòrán ìgbésẹ̀ mẹ́fà. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sátidé la máa ń fèsì, a sì sọ pé àkọtọ́ Nàìjíríà ni. Ará Kétu, ẹnìkẹta wa ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà àti líǹkì rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ mi báyìí, Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ lè yọ mí lẹ́nu mọ́.

Ìyá_Oníkóòdù · 10:52 alẹ́

"A ó bá ẹ fi àmì sí i." Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti jinná.

Tíṣà_Òkè_Ògùn · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:08 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ mi ti fi LibreOffice àti ohun yín sí kọ̀ǹpútà mi, àwòrán mẹ́fà yẹn ló tẹ̀ lé. Mo tẹ ìdánwò kíláàsì JSS 2, ó bá mi fi àmì sí èyí tó pọ̀ jù. "Ọkọ" àti "ọkọ̀" ń dà á láàmú díẹ̀, mo bá a mú èyí tó tọ́. Mo ti fi han olùkọ́ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì títì, wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀sán.

Ẹ̀sùn kan péré ni mo ní. Mo kọ orúkọ ìlú mi sókè ìwé, Ìṣẹ́yìn, ó fa ìlà pupa sí i lábẹ́.

Alámì_Ohùn · 11:15 àárọ̀

Ẹ má bínú, ẹ̀yin tíṣà wa. Mo ti fi í kún un báyìí, ẹ̀dà tuntun á jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ dákun, nígbà tí àwọn olùkọ́ méjì yẹn bá dé, ẹ bá mi gba orúkọ ìlú àti abúlé tó yí yín ká lẹ́nu wọn, pẹ̀lú àmì rẹ̀.